Ibi tí Ṣaworo Bá Ti Dákẹ́

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun mọ obìnrin kan tí inú rẹ̀ máa ń dùn ṣìnkìn nítorí ìgbẹ́ ajá, ẹ má tètè pe onítọ̀hún ní òpùrọ́. Ó lè jẹ́ Sàrátù ọlọ́ṣẹ ló ń wí. Ní Sakẹ́tẹ́, ní nǹkan bí ọdún 1937, nígbà tí àṣẹ Faransé ṣì múlẹ̀ níbẹ̀, kò sí àárọ̀ kan tí obìnrin yìí kì í pàtẹ́wọ́ lẹ́yìnkùlé bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìn àjò dé. Ohun tó sì ń pàtẹ́wọ́ fún kò ju pé ajá rẹ̀ yàgbẹ́ síbi tó yẹ. Ẹ rẹ́rìn-ín o, mo gbà fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ẹ̀ ná.

Opó ni Sàrátù. Ọkọ rẹ̀, tó ń ta aṣọ láàárín Sakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́, ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ṣàmsídéènì, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti gba ìdí òwò bàbá rẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n Sàrátù kò bá a lọ. Ó dúró sí agbolé ọkọ rẹ̀, ó ń se ọṣẹ dúdú. Kì í ṣe ọṣẹ ṣákálá o! Láti Yóko dé Ìta-Ìjẹ̀bú, bí ìyàwó tuntun bá fẹ́ wẹ̀, ọṣẹ Sàrátù ni wọ́n ń wá rà. Eérú ìdì ẹyìn tó ti ṣófo ló máa ń dà sínú ajere, ìkòkò oníhò yẹn, tó sì máa ń bu omi sí i kó máa kán tó, tó, tó sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi eérú yẹn ló ń dà pọ̀ mọ́ àdín lórí iná. Ogún ọdún ló fi dúró ti èéfín náà. Nígbà tí yóò fi tó ọmọ àádọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rí kòtò, kò sì rí ewúrẹ́ tó bá sùn sójú ọ̀nà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ṣàmsídéènì ti ránṣẹ́ pé kí ìyá òun fi ọṣẹ sílẹ̀, kó wá jókòó ti òun ní Àjàṣẹ́. Ìdáhùn kan náà ni Sàrátù ń fún un: ṣé àpò gaàrí ni òun ni, tí wọ́n fẹ́ gbé òun kalẹ̀ sí igun ilé?

Fálúyì, àgbẹ̀ kan ní Pọbẹ̀ tó ń ta àdín fún un, rí i lọ́jọ́ kan tó fi ẹsẹ̀ kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kó tó ti ibùdókọ̀ ojú irin dé ilé òun. Ó wọlé lọ, ó gbé ọmọ ajá pupa kan jáde, ó gbé e lé Sàrátù lọ́wọ́.

"Ìyá Ṣàmsí, ẹ máa mú èyí lọ. Ìyá ẹ̀ ló ń mú mi dé oko bí ìkùukùu bá bolẹ̀. Ẹ so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn kí ẹ lè máa gbọ́ ibi tó wà. Ẹ ó rí i."

Inú apẹ̀rẹ̀ ni ọmọ ajá náà wà láti Pọbẹ̀ dé Sakẹ́tẹ́, lábẹ́ ìborùn Sàrátù, nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún fọ́fọ́. Ajá ń gbọ̀n, Sàrátù náà ń gbọ̀n, àmọ́ ti Sàrátù kì í ṣe ti ẹ̀rù. Ara rẹ̀ kò gbà á mọ́ ni. Ó mọ̀ pé gbogbo agbolé máa sọ̀rọ̀, ó sì mọ bí èèyàn ṣe ń fi ajá dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ tí a bá sọ ajá, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ ni. Kí ọkọ̀ tó fọn fèrè ní Sakẹ́tẹ́, ó ti sọ tirẹ̀ ní Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀. Ẹni tó bá ní nǹkan í wí, òun ló mọ̀.

Ẹni tó ní nǹkan í wí jù lọ ni Ṣùáíbù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, baálé agbolé náà. Ẹni iyì ni Ṣùáíbù, oníṣòwò tí gbogbo ọjà mọ̀, tí kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kan ré òun kọjá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí ajá náà, ṣe ló ká aṣọ rẹ̀ sókè dé orúnkún bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.

"Ìyá Ṣàmsí, ajá? Nínú agbolé mùsùlùmí?"

"Bàbá Mọ́rúfù, ẹ má bínú. Nítorí ojú mi ni."

"Ṣé ojú yẹn náà ló máa bá ọ gbá ìgbẹ́ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàrátù wọra, nítorí pé òótọ́ ni. Lóṣù àkọ́kọ́, Ràúdátù, ìyàwó tí Mọ́rúfù ọmọ Ṣùáíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé, tẹ ìgbẹ́ ajá lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ kékeré kan fi ọwọ́ kó o, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ náà jẹ ẹ̀kọ. Eṣinṣin dé. Òórùn ìtọ̀ ajá wọlé bá Ṣùáíbù lórí ẹní ìrun rẹ̀. Sàrátù ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ó ń gbá a lálẹ́, ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń gbá ohun tí kò rí?

Ṣùáíbù pe gbogbo agbolé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

"Òfin méjì ni mo ṣe," ó wí. "Èkíní, gáàdì ìjọba tó ń wo ìmọ́tótó ilé máa dé àdúgbò wa kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Bó bá rí ẹyọ ìgbẹ́ ajá kan nínú agbolé yìí, ajá yẹn ń padà sí Pọbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èkejì, ọwọ́ tó bá ń kan ajá kò gbọdọ̀ kan ìkòkò àlùwàlá mi. Ọjọ́ tí ọwọ́ bẹ́ẹ̀ bá kàn án, a ò ní dúró de gáàdì kankan. Ajá lọ nìyẹn."

Ìkòkò àlùwàlá tó ń wí yìí ga tó ọmọ ọdún márùn-ún. Igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí omi òjò ti ń kán sínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, Ràúdátù ló máa ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tó sì máa ń dé e bí òjò bá ti dá. Àmọ́ Ràúdátù ti bá ajá ṣeré. Gbogbo ọmọdé agbolé ti bá ajá ṣeré. Láti ọjọ́ tí òfin ti jáde, kò sí ọwọ́ tó tọ́ sí ìkòkò náà mọ́ àfi ọwọ́ Ṣùáíbù, Ṣùáíbù kì í sì í fọ ìkòkò. Bútà rẹ̀ ló ń tẹ̀ bọ̀ ọ́ ní ìdájí, tó ń bu omi, tó ń lọ.

Sàrátù padà sídìí ajere rẹ̀, ó jókòó, ó gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bí ajá yìí bá lọ, ta ni yóò máa mú un lọ sí Pọbẹ̀ ra àdín? Ta ni yóò máa gbó kí ó tó gbé ẹsẹ̀ sínú iná? Ọṣẹ tán nìyẹn. Igun ilé ní Àjàṣẹ́ ló kù.

Ibẹ̀ ló wà tó ń gbọ́ ṣaworo ọrùn ajá náà tó ń lọ káàkiri àgbàlá, wọrọ, wọrọ, wọrọ. Lójijì, ṣaworo dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún mì pẹ̀lú ariwo ńlá, bí ẹni tó gbé ẹrù kalẹ̀ tó ń na ara. Sàrátù dìde. Ó rìn lọ síbi tí ṣaworo ti dákẹ́, ó bẹ̀rẹ̀, imú rẹ̀ sì sọ ìyókù fún un.

"Mo ti rí i!" Sàrátù pariwo. "Mo ti rí i o! Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́!"

Ràúdátù sáré jáde láti inú ilé, ó rò pé omi eérú gbígbóná ló dà sí i lára. Ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń jó yí ìgbẹ́ ajá po.

"Ìyá, kí ló dé? Kí lẹ rí?"

"Etí ni, Ràúdátù! Etí ni màá máa fi gbálẹ̀! Lọ gbé ọkọ́ wá."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì gbẹ́ kòtò kan sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibi tó jìnnà sí kànga, ó jìn tó orúnkún. Wọ́n fọ́n eérú sí etí rẹ̀. Eérú kò sì wọ́n lọ́wọ́ ọlọ́ṣẹ, èyí tí omi rẹ̀ ti kán tán pọ̀ lẹ́yìnkùlé bí òkìtì. Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbàrà tí Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀ bá ti jẹun tán nínú igbá tirẹ̀, tí kò gbọdọ̀ bá ti ènìyàn pàdé, Sàrátù á mú un lọ sí etí kòtò, á dúró, á dẹtí. Bí ṣaworo bá dákẹ́, òun náà á sé èémí. Bí ṣaworo bá tún mì, háà! Á pàtẹ́wọ́, á kì ajá bí ẹni ń ki ọmọ ọba, á ju orí ẹja gbígbẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni á da eérú bo ohun tó wà nínú kòtò, á wa iyẹ̀pẹ̀ lé e, á wá fi àpáàdì ńlá dé e. Eṣinṣin á fò wá, á rí i pé ilẹ̀kùn ti tì, á bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ mìíràn, ṣaworo á dákẹ́ láàárín àgbàlá. Bí Sàrátù bá ń ro ọṣẹ lọ́wọ́, á ju orógùn sílẹ̀, á gbé eérú, á sáré. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di eré. Bí ṣaworo bá ti dákẹ́ báyìí, ariwo á ta láti gbogbo yàrá pé, "Ìyá, ó ti dákẹ́ o! Lápá ọ̀tún!" Ibi tó bá tọ̀ sí lára ògiri, omi eérú gbígbóná ló ń dà síbẹ̀, á wá fi omi tútù ṣan án. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí wọ́n tó lọ kí ìrun, ọṣẹ dúdú tí ìyàwó tuntun fi ń wẹ̀ náà ló fi ń wẹ ajá rẹ̀, tó ń fi ọwọ́ wá eégbọn lábẹ́ etí rẹ̀, tó sì ń sá àpò tó ń sùn lé sóòrùn. Aṣọ ìrun tirẹ̀ wà lórí okùn lókè, níbi tí imú ajá kò lè dé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tí Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ dá lọ, tí Sàrátù gbọ́ ṣaworo tó ń rìn jìnnà lọ, tó kọjá ìdí àdògán tí wọ́n ti ń se ọṣẹ, tó kọjá kànga, tó wá dákẹ́ níbi tó yẹ kó dákẹ́ sí gẹ́lẹ́, omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ohun tí òun gbọ́ rí tó dùn tó ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Gáàdì dé lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò ńlá kan. Basile lorúkọ rẹ̀, ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ó wọ kákí, ó gbé ìgbakọ funfun kan dání tó fi ń bu omi ilé onílé wò. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí.

"Bọ́njúù o, agbolé! Mo gbọ́ pé ajá wà níbí."

Ṣùáíbù dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ojú rẹ̀ le. Gbogbo agbolé jáde. Basile wo abẹ́ àpótí, ó wo ìdí ògiri, ó fi igi tú ewé gbígbẹ. Kò rí nǹkan. Ó yí agbolé po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì.

"Màmá, ibo ni ajá yín ń ṣe é sí?"

Sàrátù kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ṣáájú, ajá ṣáájú rẹ̀, wọrọ, wọrọ, títí wọ́n fi dé ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó gbé àpáàdì kúrò. Basile bẹ̀rẹ̀, ó fi imú fa afẹ́fẹ́, ó tún fà á.

"Kò rùn," ó wí.

"Eérú ni, mọsíè! Eérú ọṣẹ!" Sàrátù sì da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀: ṣaworo, orí ẹja, omi gbígbóná, gbogbo ẹ̀.

"Tẹrẹ́ biyẹ́n! Ó dára gan-an!" Basile kígbe. "Láti Àjàṣẹ́ dé ibí, n ò rí irú èyí rí. Màmá, mo máa kó àwọn obìnrin àdúgbò yìí wá kí ẹ fi hàn wọ́n."

Ariwo ta! Àwọn ọmọdé ń fò. Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀ ń gbó, kò mọ ohun tí wọ́n ń yọ̀ sí, àmọ́ ó bá wọn yọ̀. Sàrátù rò pé àyà òun máa bẹ́. Ó ti borí! Òfin kìíní ti kọjá, ajá òun kò lọ sí Pọbẹ̀ mọ́.

Ìgbà náà ni Ràúdátù fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn, tó sọ ọ́ sí i létí.

"Ìyá, ìkòkò Bàbá. Mo yọjú wò ó láàárọ̀ yìí. Tànwíjí ló kún inú ẹ̀, ó ń jà wìnnìwìnnì. N ò jẹ́ fọwọ́ kàn án."

Tànwíjí, kòkòrò inú omi tó ń di ẹ̀fọn, ni ohun tí gáàdì ń wá ju ìgbẹ́ ajá lọ. Gbogbo Sakẹ́tẹ́ mọ̀ ọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rí i nínú ìkòkò ọkùnrin kan ní àdúgbò kejì. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ní kó máa ro koríko létí ojú irin, níṣojú gbogbo ẹni tó ń bá a rajà. Basile sì ti ń fi ìgbakọ rẹ̀ gbá itan, ó ti kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín. Sàrátù dúró díẹ̀. Ó rí i lọ́kàn rẹ̀, Ṣùáíbù tó ń ká aṣọ rẹ̀ sókè nítorí ajá, tó tẹ̀ kòòkò létí ojú irin pẹ̀lú ọkọ́. Ó dùn mọ́ ọn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí pé ọkùnrin yìí ló ra aṣọ funfun tí wọ́n fi sin ọkọ òun, tí kò sì ní kí òun jáde nílé ọkọ òun láti ìgbà náà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni. Tí òun bá sì fọwọ́ kan ìkòkò yẹn, òun rú òfin kejì nìyẹn, ajá lọ nìyẹn.

"Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀, ó yá!" ó wí.

Ajá ki eré mọ́lẹ̀ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, Sàrátù tẹ̀lé ṣaworo pẹ̀lú gbogbo agbára tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ Basile kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kan ìkòkò, ó fi èjìká tì í, ìkòkò sì dojú dé. Gbàà! Omi òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ya sílẹ̀, ó bo ẹsẹ̀ gáàdì, ó bo ẹsẹ̀ baálé.

"Ọwọ́ ajá!" Ṣùáíbù ké. "Ìyá Ṣàmsí! Ìkòkò mi!"

Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀. Tànwíjí ń ta pàrà lórí ilẹ̀ títẹ́, ọgọ́rùn-ún, igba, wọ́n ń ká kò, wọ́n ń nà, láàárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Sàrátù kò rí wọn, àmọ́ ó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó gba igbá eérú lọ́wọ́ Ràúdátù tó sáré tẹ̀lé e, ó tú u lé gbogbo ilẹ̀ náà.

Basile gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé èkejì.

"Màmá, kí lẹ dà nù?"

"Ìkòkò ni mò ń fọ̀, mọsíè. Òní la máa ń fọ̀ ọ́."

"Sórí ẹsẹ̀ mi?"

"Ojú mi ò ríran dáadáa. Ẹ dárí jì mí, n ò mọ̀ pé ẹ dúró síbẹ̀."

Gáàdì wo eérú tó ń mì lórí ilẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti hu ewédò. Ó wo Ṣùáíbù, tí òógùn ti bò. Níkẹyìn, ó fi ìgbakọ rẹ̀ bọ abẹ́ apá.

"Bọ́n, ó dáa," ó wí. "Ìkòkò tí wọ́n ń fọ̀ lọ́wọ́, n kì í bu omi ẹ̀ wò. Àmọ́ bí mo bá padà wá, ẹ jẹ́ kó ní ọmọrí." Ó fi ẹfun sàmì sí ilẹ̀kùn pé ilé náà mọ́, ó sì jáde, bàtà rẹ̀ ń dún fọ́ṣọ́fọ́ṣọ́.

Kò sẹ́ni tó pariwo ayọ̀. Wọ́n ń wo Ṣùáíbù. Sàrátù kúnlẹ̀ níbi tó wà, ó wá ọrùn ajá rẹ̀, ó dì í mú. Ó ń retí kí wọ́n dárúkọ Pọbẹ̀.

Ó gbọ́ tí Ṣùáíbù ká aṣọ rẹ̀ sókè. Ó gbọ́ tó rọra kúnlẹ̀, tí orúnkún àgbàlagbà náà ró pàkò. Ó gbọ́ tí wọ́n yí ìkòkò.

"Ìyá Ṣàmsí," Ṣùáíbù wí, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bù mí ní eérú. Fún mi lọ́ṣẹ pẹ̀lú."

"Ẹ jẹ́ kí Ràúdátù fọ̀ ọ́, Bàbá Mọ́rúfù."

"Láti Ọjọ́bọ̀ ni Ràúdátù yóò máa fọ̀ ọ́. Tòní, èmi ni." Ó ń fi eérú ha inú ìkòkò náà, wọ̀rù, wọ̀rù, ó ń mí hẹlẹ. "Ó yẹ kí n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje, bí ẹ̀sìn ṣe ní ká fọ ohun tí ajá bá fẹnu kàn. Kì í ṣe nítorí ajá. Ajá ò dé ìdí ìkòkò yìí rí ṣáájú òní. Èmi nìkan ló ń débẹ̀."

Ó fọ ìkòkò náà lẹ́ẹ̀méje lóòótọ́, Ràúdátù ń pọn omi fún un, àwọn ọmọdé ń kà á. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó gbé ìkòkò náà tẹ̀, ó fẹ́ da omi rẹ̀ nù, ṣùgbọ́n ajá ti dùbúlẹ̀ sí ojú ọ̀nà omi. Láti oṣù méjì tí ajá náà ti dé, Ṣùáíbù kò fi orúkọ rẹ̀ pè é rí.

"Ẹ̀yin-lẹ-mọ̀," baálé wí, "dìde níbẹ̀, kí n ráyè da omi."

Sàrátù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó gbọ́ tí ṣaworo mì, tó rìn ìwọ̀nba díẹ̀, wọrọ, wọrọ, tó sì tún jókòó síbi tí omi kò ti ní kàn án, nínú àgbàlá níbẹ̀.